Dígí tí Ìyá Ẹ-Dúró-Ná Gbé Kọ́

Bí ẹnikẹ́ni bá wọ ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ tó wà ní ìkángun òpópónà náà, tó ní òun mú ìròyìn ayọ̀ wá, ìdáhùn kan ṣoṣo ló máa kọ́kọ́ gbọ́: "Ẹ dúró ná." Ibẹ̀ ni orúkọ ti lẹ̀ mọ́ ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù lára. Ìyá Ẹ-Dúró-Ná ni gbogbo àdúgbò ń pè é, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ibẹ̀ kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó ní orúkọ mìíràn. Ẹni tó bá fẹ́ ta òwú fún un gbọ́dọ̀ ní sùúrù kí ìyá já òwú náà wò, kó fi ahọ́n kàn án, kó gbé e sí oòrùn, kó tó dá a lóhùn. Oníwàásù kan wọlé nígbà kan láti sọ fún un pé ìjọba ọ̀run kù sí dẹ̀dẹ̀. Ìyá ní kó dúró ná, ta ló rán an?

Aṣọ iṣẹ́ ni wọ́n ń rán níbẹ̀: ti àwọn nọ́ọ̀sì, ti àwọn ọmọ iléèwé, ti àwọn tó ń gbálẹ̀ ní ilé-ìwòsàn. Ohun tó mú ṣọ́ọ̀bù yìí yàtọ̀ ni pé, yàtọ̀ sí ìyá fúnra rẹ̀, kò sí ẹni tó gbọ́ràn nínú gbogbo wọn. Adití ni wọ́n, bẹ̀rẹ̀ láti orí àbúrò ìyá tó jẹ́ ọ̀gá àwọn aránṣọ, títí dé orí bàbá arúgbó tó ń lọ aṣọ, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Alọṣọ. Ariwo ẹ̀rọ pọ̀ níbẹ̀ kọjá sísọ, ṣùgbọ́n ìyá nìkan ló ń dà láàmú. Àwọn yòókù ń fọwọ́ sọ̀rọ̀, wọ́n ń fọwọ́ jà, wọ́n sì ń fọwọ́ dá àpárá tó máa ń mú kí wọ́n di ikùn mú.

Pákó ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù náà. Bí èèyàn bá fẹ́ pe ẹnì kan, ẹsẹ̀ ni yóò fi kilẹ̀, ẹni tó ń pè yóò sì mọ̀ ọ́n ní àtẹ́lẹsẹ̀. Dígí kékeré kọ̀ọ̀kan wà lára ògiri níwájú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, oníbàárà kan ti ẹ̀yìn wá fọwọ́ kan ọmọbìnrin kan léjìká, ọmọ náà ta gìrì, abẹ́rẹ́ sì gba inú ìka rẹ̀ kọjá. Láti ìgbà náà ni àbúrò ìyá ti ní kí wọ́n wá dígí fún oníkálukú, kí wọ́n lè máa rí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn láìgbé ojú kúrò nídìí iṣẹ́. Ìyá nìkan ni kò ní dígí. Iwájú pátápátá ni tábìlì ìgéṣọ tirẹ̀ wà, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, ó kọ̀yìn sí wọn. Ó ní kí ni òun fẹ́ fi dígí ṣe, nígbà tí òun ní etí? Lóòótọ́ sì ni, ó mọ ohùn ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá dákẹ́, ó ti mọ ẹni tó ń ṣeré.

Òun àti àbúrò rẹ̀ yìí nìkan ni òbí wọn bí. Àbúrò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sọ ni ibà líle kan kọ lù ú. Ibà náà lọ, ó gbé etí ọmọ lọ. Ìyá tí à ń wí yìí kò tíì dàgbà nígbà náà, ṣùgbọ́n òun ló wá bí wọn yóò ṣe máa sọ̀rọ̀. Ọwọ́ lẹ́nu, oúnjẹ nìyẹn. Ọwọ́ lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, oorun. Kéèyàn fi ìka fa abẹ́ ojú wálẹ̀ díẹ̀, ẹ̀gbọ́n nìyẹn, nítorí pé ẹ̀gbọ́n ló ń ṣọ́ ọ. Àbúrò fúnra rẹ̀ ló dá ìyẹn sílẹ̀, kó tó mọ bí a ti ń pe omi.

Nígbà tó tó iṣẹ́ kọ́, bàbá wọn mú un lọ bá télọ̀ kan. Télọ̀ náà ní òun kò gba ọmọ tí òun kò lè bá wí. Inú bí ẹ̀gbọ́n débi pé ó gbé ara rẹ̀ lọ kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ télọ̀ yìí kan náà. Ohun tó bá kọ́ lọ́sàn-án, yóò fi kọ́ àbúrò rẹ̀ tó bá délé. Kò pẹ́ tí ọwọ́ àbúrò fi já fáfá ju tirẹ̀ lọ. Wọ́n wá fi àdéhùn sí i: gígé di ti ẹ̀gbọ́n, rírán di ti àbúrò, ọ̀rọ̀ oníbàárà sì di ti ẹ̀gbọ́n, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ òun ló gbọ́ràn. Nígbà tí àwọn òbí adití mìíràn gbọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọmọ wọn wá. Bí ṣọ́ọ̀bù ṣe kún nìyẹn.

Ọkùnrin kan fẹ́ fẹ́ ìyá nígbà èwe rẹ̀, ọkùnrin dáadáa, gẹ́gẹ́ bí gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe wí. Ọkùnrin náà bèèrè bóyá àbúrò yóò máa bá wọn gbé. Ó ní kó dúró ná, kí òun mọ ìdí tó fi ń bèèrè. Ọkùnrin náà dúró títí, ó rẹ̀ ẹ́, ó lọ fẹ́ ẹlòmíràn. Wọ́n ní ó ti rí ọmọ-ọmọ báyìí.

Ẹ má kàn dá ìyá lẹ́bi o. Ìjọba ti fi ojú rẹ̀ rí nǹkan rí. Ní ọdún kan sẹ́yìn báyìí, àwọn èèyàn pàtàkì kan kó ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun wá sí ṣọ́ọ̀bù nínú ọkọ̀ ẹlẹ́rù, wọ́n ní ẹ̀bùn ni. Wọ́n tò wọ́n sílẹ̀, wọ́n ní kí àwọn adití jókòó tì wọ́n kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Oníkámẹ́rà ya fọ́tò tán, wọ́n sì kó gbogbo ẹ̀rọ padà sínú ọkọ̀, wọ́n gbé wọn lọ síbòmíràn láti lọ ya fọ́tò míì. Àbúrò ti ki òwú bọ ọ̀kan nínú wọn. Òwú náà ń tú tẹ̀ lé ọkọ̀ lọ títí dé kọ́nà. Láti ìgbà yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ ìjọba báyìí, ìyá á ti máa wo ilẹ̀ kó lè mọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbé.

Nítorí náà, nígbà tí obìnrin kan wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan, tó ní ìjọba ló rán òun, ìyá rọra gbé sísọ́ọ̀sì kalẹ̀. Ó wò ó láti òkè délẹ̀. Bàtà rọ́bà ni obìnrin náà wọ̀, ẹsẹ̀ ló sì fi rìn wá láti ibùdókọ̀. Ìjọba tí kò gbé mọ́tò wá! Ìjọba tí kò mú oníkámẹ́rà dání! Ara ìyá túbọ̀ fu.

"Ẹ káàárọ̀, mà," ni Oníbàtà-Rọ́bà wí. "Ìjọba ní ètò kan fún àwọn tí òwò wọn ń ṣe aráàlú lóore, irú iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe níbí. À ń ràn wọ́n lọ́wọ́ kí iṣẹ́ wọn gbòòrò, a sì ń dá wọn lẹ́kọ̀ọ́ kún èyí tí wọ́n ti mọ̀."

"Ẹ dúró ná. Ta ló sọ̀rọ̀ mi fún yín?"

"Ilé-ìwòsàn tí ẹ ń ránṣọ fún ni, mà."

"Kí ni mo ṣe fún wọn?"

"Wọ́n ń yìn yín ni, mà."

"Hẹn-ẹn, wọ́n ń yìn mí." Ìyá na ọrùn wo òpópónà. "Oníkámẹ́rà yín ń bọ̀ lẹ́yìn?"

"A ò mú oníkámẹ́rà wá, mà." Obìnrin náà wo àwọn tó ń ránṣọ, ó wo àwọn dígí ara ògiri, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Lẹ́yìn náà ló bèèrè ohun tó ba nǹkan jẹ́. "Màmá, bí ẹ kò bá sí níbí, ta ni yóò máa darí iṣẹ́ yìí?"

"Níbo ni mò ń lọ?"

"Ẹ má bínú, mà. Gbogbo ibi tí a bá dé la ti ń bèèrè rẹ̀."

"Ẹ̀yin ń lọ káàkiri, ẹ ń bi àwọn èèyàn níbi tí wọ́n ń lọ. Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n rò ó."

Obìnrin náà dúpẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Àbúrò ti rí i nínú dígí. Ó dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró, ó wá bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nídìí tábìlì, ó fọwọ́ bèèrè pé, "Kí ni obìnrin yẹn ń fẹ́?"

"Ó ń tajà ni," ni ìyá fọwọ́ dáhùn.

"Mi ò rí ọjà lọ́wọ́ rẹ̀."

"Irú ọjà bẹ́ẹ̀ ló burú jù," ni ìyá wí, ó sì mú sísọ́ọ̀sì rẹ̀.

Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí Oníbàtà-Rọ́bà fi padà wá. Lọ́tẹ̀ yìí, ó mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan dání, tó jẹ́ ògbufọ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa fọwọ́ sọ ohun tí ẹlẹ́nu bá sọ. Kí ìyá tó la ẹnu pé "ẹ dúró", ògbufọ̀ ti lọ dúró sí ibi tí gbogbo dígí ti rí i, ó sì ti gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo ẹ̀rọ dákẹ́. Láti ọjọ́ tí ìyá ti ṣí ṣọ́ọ̀bù náà, kò gbọ́ irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí lọ́sàn-án gangan. Ó yíjú padà, ó rí àbúrò rẹ̀ tó tẹ ojú mọ́ ọwọ́ ọmọkùnrin náà bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ.

Ọmọkùnrin náà sọ gbogbo rẹ̀: ètò ìjọba, ẹ̀kọ́ tí wọn yóò máa kọ́ ní gbọ̀ngàn iléèwé kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bí a ti ń bá oníbàárà ńlá sọ̀rọ̀, bí a ti ń kọ́ ẹlòmíràn níṣẹ́, bí a ti ń fẹ iṣẹ́ lójú. Nígbà tó parí, àbúrò kọjú sí ẹ̀gbọ́n.

"Ẹ ní ó ń tajà."

"Ohun tí wọ́n ń tà ni kò tíì yé mi," ni ìyá fọwọ́ wí. Òun náà mọ̀ pé ìdáhùn yẹn kò dán mọ́rán.

Báyìí ni wọ́n ṣe di akẹ́kọ̀ọ́. Àbúrò ní òun ń lọ, ìyá sì ní bí ó bá jẹ́ pé ó ń lọ, òun gbọ́dọ̀ bá a lọ, kí wọ́n má lọ tà á. Ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ni ìyá máa ń jókòó sí, yóò ká ọwọ́ lẹ́rán, yóò máa ṣọ́ ọwọ́ ògbufọ̀ lójú méjèèjì láti mọ ibi tí yóò ti parọ́. Kò rí irọ́ kankan mú. Èyí kò fi í lọ́kàn balẹ̀ rárá. Ó ní ẹni tí kò ṣi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ, ó ti kọ́ ọ sórí láti ilé ni.

Ní ọjọ́ kan níbẹ̀, àbúrò nawọ́ sókè láti bèèrè ọ̀rọ̀. Ó fẹ́ mọ bí adití yóò ṣe bá oníbàárà dúnàá-dúrà fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnì kan jókòó sáàárín. Ògbufọ̀ fi ẹnu sọ ọ́ jáde. Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú sí àbúrò, olùkọ́ sì dá òun gan-an lóhùn, ojú kojú. Kò sí ẹni tó wo ẹ̀yìn láti wo ìyá. Láti kékeré ni àwọn èèyàn ti ń wo ojú ìyá bí wọ́n bá fẹ́ bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kí a sọ òótọ́, ó dùn ún. Ó dùn ún wọ egungun.

Nígbà tí ẹ̀kọ́ parí ní ọjọ́ náà, ó rí Oníbàtà-Rọ́bà, ògbufọ̀ àti àbúrò tí wọ́n kó orí jọ lábẹ́ fèrèsé. Nígbà tó máa fi dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n ti túká. Ó bi àbúrò léèrè ohun tí wọ́n ń sọ.

"Ọ̀rọ̀ aṣọ ni," ni àbúrò fọwọ́ dáhùn, ó sì wo ẹ̀gbẹ́ kan.

Àbúrò kò fi nǹkan pamọ́ fún un rí. Láti ìgbà náà ni ìyá ti ń ṣọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Bó bá wà nídìí tábìlì rẹ̀, yóò gbọ́ tí ẹ̀rọ méjì tàbí mẹ́ta yóò dákẹ́ pa pọ̀. Bó bá yíjú padà, ọwọ́ gbogbo wọn á ti bọ́ sílẹ̀, kálukú á máa wá abẹ́rẹ́ tí kò sọnù. Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Wọ́n fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ òun ni. Ìdí nìyẹn tí obìnrin yẹn fi bèèrè ẹni tí yóò darí ibẹ̀ bí òun kò bá sí. Wọ́n ti rí ẹni náà, àbúrò òun ni wọ́n sì lò. Ọmọ tí òun kò torí rẹ̀ lọ́kọ!

Ó lọ sọ́dọ̀ onídígí, ó ra dígí gígùn kan, ó fi ìṣó gbé e kọ́ sára ògiri ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà, lókè tábìlì ìgéṣọ. Ó ní kí àwọn oníbàárà lè máa wo ara wọn bí wọ́n bá dán aṣọ wò ni. Ṣùgbọ́n ó fi èèpá igi há a lábẹ́, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, títí gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fi wọ inú rẹ̀. Bí ó bá tẹrí ba bí ẹni ń géṣọ, tó gbé ojú sókè díẹ̀, kò sí ọwọ́ tí kò rí.

Ó kọ́kọ́ ṣòro, nítorí pé ọwọ́ ọ̀tún di òsì nínú dígí. Kò pẹ́ tó fi mọ́ ọn lára. Ó rí Bàbá Alọṣọ tó ń fi orúnkún rẹ̀ sun ẹnikẹ́ni tó bá wò ó. Ó rí àwọn ọmọbìnrin méjì tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ eyín ọkùnrin kan. Ó rí ọ̀kan nínú wọn tó dìde, tó ti ikùn síwájú, tó dijú kan, tó ń fi ahọ́n kan òwú. Ìyá ni ọmọ náà ń sín jẹ, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe débi pé ìyá fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó gbé ẹ̀rín náà mì. Kì í ṣe ìyẹn ló ń ṣọ́.

Ohun tó ń ṣọ́ dé ní ọ̀sán kan tó ń gé aṣọ funfun ti àwọn nọ́ọ̀sì. Bàbá Alọṣọ gbé áyọ́ọ̀nù rẹ̀ kalẹ̀, ó fẹsẹ̀ kilẹ̀ pẹ̀lẹ́, ó pe àbúrò.

"Ṣé òótọ́ ni pé o ti kọ̀?" ni bàbá fọwọ́ bèèrè.

"Mo ti kọ̀," ni àbúrò dáhùn.

"Ṣọ́ọ̀bù odindi! Ìwọ ni ọ̀gá níbẹ̀! Àwọn ọmọ adití tó wà ní apá ọ̀hún tí kò sẹ́ni tó máa kọ́ wọn níṣẹ́, ta ni kí wọ́n lọ bá?"

"Bí mo bá lọ, ta ni yóò máa bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀?" Ó fa abẹ́ ojú rẹ̀ wálẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ẹni tí kò dití? Gbogbo ayé ló ń bá a sọ̀rọ̀."

"Gbogbo ayé ń bá a sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò fọkàn tán ẹnì kan nínú wọn. Èmi nìkan ló fọkàn tán. Bí mo bá lọ, kò ní ní ẹnì kankan mọ́."

Ìyá gbé ojú kúrò lára dígí. Sísọ́ọ̀sì ti jáde kúrò lórí ìlà ṣọ́ọ̀kì, ó ti gé ọrùn aṣọ náà wọ inú àyà. Kò ba aṣọ jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ó ká a, ó tì í sábẹ́ tábìlì, ó sì dúró síbẹ̀ láìwo dígí títí wọ́n fi ṣíwọ́. Ojú ń tì í, ojú ara rẹ̀ gan-an ló ń tì í.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gba ọ́fíìsì ìjọba lọ. "Ẹ mú mi lọ síbi tí ẹ fẹ́ gbé àbúrò mi lọ."

Ẹnu ya Oníbàtà-Rọ́bà. "Òun ló sọ fún yín, mà?"

"Ẹ máa lọ níwájú."

Ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan ni, ní òdìkejì ìlú. Ìyá kò tíì gbàgbé ọkọ̀ ẹlẹ́rù o. Ó gbá ògiri wò, ó ṣí omi ẹ̀rọ, ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó bèèrè ẹni tí kọ́kọ́rọ́ yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní àbúrò rẹ̀ ni.

"Èkejì rẹ̀ ńkọ́?"

"Èwo ni èkejì, mà?"

"Ìjọba kì í ní kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo." Ó fẹsẹ̀ kilẹ̀. Sìmẹ́ńtì ni, ó le gbagidi, kò dún, kò mì. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó rí olè mú. "Mo mọ̀! Báwo ni wọn yóò ṣe máa pe ara wọn lórí èyí?"

"Yàrá inú ni wọ́n ti máa ṣiṣẹ́, mà," ni obìnrin náà wí, ó sì ṣí ilẹ̀kùn.

Pákó tuntun ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀, òórùn rẹ̀ ṣì gba gbogbo yàrá. Ìṣó ti wà lára ògiri, wọ́n tò lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ní ìwọ̀n gíga ojú ẹni tó bá jókòó.

"Àbúrò yín ló ní ká ṣe é bẹ́ẹ̀," ni Oníbàtà-Rọ́bà wí. "Ó wá síbí, ó fúnra rẹ̀ wọn ibi tí ìṣó kọ̀ọ̀kan yóò wà. Ìgbà tí káfíńtà parí iṣẹ́ ló ránṣẹ́ pé òun kò ṣe mọ́. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún wa."

Ìyá fẹsẹ̀ kilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Pákó dáhùn lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó lọ títí dé ògiri ọ̀hún. Ó rí àbúrò rẹ̀ nínú yàrá òfìfo yìí, pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn, tó ń jókòó tó ń dìde, tó ń wọn gíga ojú àwọn ọmọ tí kò tíì rí. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Kí ló dé, mà?"

"Ìyẹ̀fun pákó ni."

Nígbà tó padà dé ṣọ́ọ̀bù, kò jókòó. Ó yọ dígí gígùn náà kúrò lára ìṣó, ó gbé e lọ bá àbúrò, ó dúró síbi tí àbúrò yóò ti rí òun, ó sì gbé dígí náà fún un.

"Gbà. Ti ibi tuntun nìyí. Mo ti lọ wò ó. Lọ máa ṣiṣẹ́ rẹ."

Ayọ̀ ló kọ́kọ́ hàn lójú àbúrò, ó sì gba dígí náà mọ́ àyà. Lẹ́yìn náà ló gbé e kalẹ̀. "Ta ló sọ fún yín?"

Àbúrò wo dígí náà. Ó wo ìṣó tó ṣófo lókè tábìlì ìgéṣọ, ó wo èèpá igi tó bọ́ sílẹ̀, ó wo ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ń dúró sí, ó wo àga tirẹ̀. Aránṣọ ni, ojú rẹ̀ mọ ìwọ̀n. Ó fi ojú fa ìlà náà láti ibi kan dé ibi kejì, ó sì mọ ohun tí dígí náà wà fún.

"Èmi náà?" ni ó fọwọ́ bèèrè.

Irọ́ ti wà lẹ́nu ìyá tẹ́lẹ̀, ti àwọn oníbàárà tó fẹ́ wo ara wọn. Kò lè fọwọ́ sọ ọ́.

"Ìwọ náà," ni ó wí.

Àbúrò di ojú. Bí adití bá di ojú, kò sí ọ̀nà mìíràn tí a lè gbà bá a sọ̀rọ̀. Ìyá gbé ọwọ́ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀ fún ìpéǹpéjú tó padé. Ó fẹsẹ̀ kilẹ̀. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù gbójú sókè, Bàbá Alọṣọ gbé áyọ́ọ̀nù dúró lófuurufú, ṣùgbọ́n àbúrò kò la ojú. Ó tún kilẹ̀, ó kilẹ̀ títí eruku fi ń jáde láàárín pákó. Ìgbà tó wu àbúrò ló tó la ojú.

"Mò ń lọ," ni ó fọwọ́ sọ. Ó kó sísọ́ọ̀sì àti téèpù rẹ̀, ó fi dígí náà há abíyá, ó jáde.

Ìyá kò ní ìgboyà láti lọ sí ṣọ́ọ̀bù tuntun náà fún ìgbà pípẹ́. Bàbá Alọṣọ ló ń mú ìròyìn wá: wọ́n ti gba àwọn ọmọ, ọ̀gá wọn ti ń bá oníbàárà dúnàá-dúrà lórí pátákó pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì, ìjọba kò tíì kó nǹkan kan padà. "Kò tíì," ni ìyá wí. Bó bá wá bèèrè bóyá àbúrò ń bèèrè òun, bàbá á tẹjú mọ́ áyọ́ọ̀nù bí ẹni tí kò rí ọwọ́ rẹ̀.

Nígbà tí ara ìyá kò gbà á mọ́, ó wọ ọkọ̀ lọ sí òdìkejì ìlú ní ọ̀sán kan. Ilẹ̀kùn yàrá inú ṣí sílẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin wà nídìí ẹ̀rọ wọn, dígí kéékèèké wà níwájú wọn. Àbúrò ló dúró nídìí tábìlì ìgéṣọ, ó kọ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà, dígí gígùn náà sì wà lára ògiri lókè orí rẹ̀. Ìyá gbé ẹsẹ̀ láti fi kilẹ̀. Ó ro ọjọ́ tí àbúrò dijú fún un, ó rọra gbé ẹsẹ̀ náà kalẹ̀. Ó sún sí àárín ẹnu ọ̀nà, síbi tí dígí yóò ti mú un, ó sì fi ara rẹ̀ síbẹ̀ kí wọ́n rí òun.

Àbúrò gbé ojú sókè. Wọ́n wo ara wọn nínú dígí. Àbúrò kò yíjú padà. Ó fẹsẹ̀ kilẹ̀ fún àwọn ọmọ, ó nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà, ó sì fi ìka kan fa abẹ́ ojú rẹ̀ wálẹ̀. Àwọn ọmọ náà wo ìyá tìyanu-tìyanu.

Lẹ́yìn náà, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè sí dígí. "Ẹ dúró ná," ni ó wí, ó sì padà sídìí aṣọ tó ń gé.

Ìyá dúró.